Ẹ̀dá Kékeré Inú Omi Tí Mo Torí Rẹ̀ Lọ sí Bwari

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ nípa ìrìn-àjò mi sí Àbújá nígbà ìsinmi gígùn ọdún 2016. Àwọn kan ní iṣẹ́ ìjọba ni mo lọ wá. Àwọn kan ní ọkọ ni mo lọ fẹ́, àwọn yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó yá, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Omi ni mo lọ bù. Mo lọ ya fọ́tò ẹ̀dá kan tó ń gbé inú adágún omi, tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, irọ́ tí mo pa ló sì gbé mi débẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní báọ́lọ́jì nílùú Ìṣẹ́yìn yìí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ya háídírà, ẹ̀dá inú omi yìí, sójú pátákó fún wọn: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ẹnu lókè, ọwọ́ mẹ́fà yí ẹnu náà ká. Inú omi tó dára ló ń gbé, ara ewé ló ń dì mọ́. Mo mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ mi. Ní sáà kẹta, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rùkáyà nàwọ́ sókè. Ọmọ tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti fojú yín rí i rí?"

Mo ní, "Mo ti rí i. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

N kò rí nǹkan kan. Maikirosikóòpù kan ṣoṣo, ìyẹn awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ló wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, dígí rẹ̀ sì ti sọnù kí n tó débẹ̀. Ńṣe la máa ń tò, tí a ó fojú kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ó ní a ti rí i, kí olùkọ́ lè fún wa ní máàkì.

Rùkáyà ní, "Ẹ bá wa ya fọ́tò ẹ̀ wá, mà." Gbogbo kíláàsì hó pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kò burú, tí a bá wọlé padà, wọn ó rí i. Mo jáde, ìtìjú bò mí. Olùkọ́ tó bá ń purọ́ fọ́mọ, kí ló tún kù tó fẹ́ kọ́ ọ? Ṣùgbọ́n orí kunkun ni wọ́n bí mọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé bí n kò bá lè gba ọ̀rọ̀ náà padà, màá lọ sọ ọ́ di òótọ́.

Fúnmiláyọ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ ilẹ̀ Okun ní ìhà Kàbbà, ló ń ṣe tíṣà ní Bwari, ní agbègbè Àbújá. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé ilé-ìwé òun ní maikirosikóòpù tuntun, pé wọ́n gba òun láyè láti gbé e sílé fún ìsinmi, àti pé adágún wà láàárín àwọn àpáta ìlú náà. Mo di ẹrù mi.

Abájí

Mi ò ní fi mọ́tò dá yín lágara. Ọkọ̀ ń lọ, ìdí ń ro wá. Abájí ni ọkọ̀ ti dúró kí àwọn èèyàn lè kírun kí wọ́n sì jẹun, ibẹ̀ sì ni mo ti mọ̀ pé mo ti di àjèjì. Obìnrin kan ń dín máásà lẹ́bàá ọ̀nà, ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n dín ní róbótó róbótó. Mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o." Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sànnu, Hàjíyà." Mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n oyè tí èèyàn bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, n kì í dá a padà. Mo ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ kú làálàá." Ó tún ní sànnu. A ń wo ara wa.

Bàbá kan tí a jọ wọkọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà ní Àbújá, ló gbà mí. "Bí wọ́n bá ní sànnu, ẹ ní yauwa. Bí ẹ bá ní kí ẹ máa kí wọn bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ìṣẹ́yìn, ibí la máa sùn."

Mo ní yauwa. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó sì fi máásà kan lé tèmi lórí. Bàbá yìí wá bi mí pé kí ni mo ń wá lọ, mo sì sọ fún un láì fi bò. Ó jẹ máásà rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Kòkòrò inú omi? Ṣé ti Ìṣẹ́yìn kò dára tó ni?" Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn títí a fi dé Gwagwalada. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Yẹ̀yẹ́ ò dí mi lọ́nà.

Ilé Màmá

Àpáta ló yí Bwari ká, àpáta ńlá ńlá tó gun ara wọn lórí, tó jẹ́ pé bí mo bá ń kọjá nídìí wọn mo máa ń yára ẹsẹ̀. Ìyá Fúnmi, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Okun o!" ni wọ́n fi kí mi, òun ni ìkí wọn, àárọ̀ ni o, ọ̀sán ni o, ẹni tó ṣiṣẹ́ ni o, ẹni tó rìnrìn-àjò ni o. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó dìde, omi tútù ti wà nínú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ wọn. Màmá kì í jẹ́ kí àlejò bu omi fúnra rẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́ sí kọ́ọ̀pù pẹ́nrẹ́n, wọn á ní, "Ṣé kò séèyàn nílé yìí ni?"

Iyán ni wọ́n fi gbà mí lálejò. Iṣu wọn funfun, ó sì fà, mo jẹ ẹ́ débi pé mo gbàgbé ohun tí mo bá wá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì tí Fúnmi bí wá kí mi: "Good evening, Aunty." Mo bi wọ́n pé ṣé wọn kì í gbọ́ Yorùbá ni. Ẹ̀gbọ́n ní, "We dey hear am, Aunty. Na to talk am dey hard."

"Wọ́n gbọ́ 'ẹ wá jẹun' dáadáa," ni Màmá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo àwọn obìnrin Gwárí tó ń kọjá. Èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù: igi ìdáná, omi, iṣu, ohun gbogbo. Wọn kì í gbé e lé orí. Fúnmi ní wọ́n gbà pé orí ni ọba ara, a kì í di ẹrù lé ọba. Mo ronú sí i. Àwa tí à ń bẹ orí wa pé kó má gbàbọ̀dè, àwa la tún ń fi orí kan náà ru ìdì igi.

Omi tó ń dán

Fúnmi kọ́kọ́ mú mi wọ àárín Àbújá, sí ọgbà ńlá kan tó ní adágún. Títì ibẹ̀ gbòòrò, wọ́n gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀ bí orí ọmọ ilé-ìwé, omi náà sì mọ́ gaara. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ìgò bọ̀ ọ́, ni ohùn kan bá sọ lẹ́yìn mi.

"Madam! Wetin you dey fetch?"

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ni. Mo ní, "Water."

"Who send you?"

"My students."

Ó wo ìgò, ó wo bàtà mi, ó wo Fúnmi. "Teacher," ó ní, bí ẹni tó ti rí ìdí àìsàn. "Carry one. Only one."

A gbé e délé, a wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù títí oòrùn fi rọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ti da oògùn sí omi yẹn kó lè máa dán, ohun tó lè mí nínú rẹ̀ sì ti kú. Inú bí mi sí omi náà bí ẹni pé ó rẹ́ mi jẹ.

Omi tí kò dán

Adágún tí Fúnmi sọ wà lẹ́yìn ìlú, láàárín àpáta méjì. Ewéko bò ó lójú, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì tí kò ní mílíkì. A bu garawa kan, tewé tewé. Nígbà tí mo kán ẹ̀kán kan sórí dígí tí mo fojú sí awò, mo pariwo tí àwọn ọmọ fi sáré wọlé. Odidi ìlú ló wà níbẹ̀! Ọ̀kan rí bí àtẹ́lẹ̀ bàtà, ó ń sáré kiri, ó ń kọlu gbogbo ohun tó bá pàdé. Ọ̀kan ní ojú kan ṣoṣo níwájú orí, ó so àpò ẹyin méjì mọ́ ìdí bí obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀. Mo gbé ojú kámẹ́rà fóònù mi lé ojú awò, mo ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ya mẹ́wàá, ọ̀kan lè dára. Àwọn ẹ̀dá yẹn dùn ún wò, mo sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni mo tìtorí wọn wá.

Ìrọ̀lẹ́ ni Fúnmi rí kókó kéékèèké mẹ́ta lára ewé kan nínú garawa, wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. "Bọ́lá, wá wò ó. Òun nìyẹn. Ẹ̀rù ló bà á tó fi súnkì. Bí a bá fi í sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án di àárọ̀, yóò nà." A gbé garawa náà sí igun kíṣìnì. Mo fi ayọ̀ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ kíṣìnì, mo bá garawa ní dídojúdé, ó ti gbẹ. Màmá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Màmá, omi inú garawa yìí ńkọ́?"

"Mo ti bá ọ tún un ṣe," ni wọ́n wí. "Ojú tì mí lánàá, ọmọ mi. Omi ẹ̀rọ wa kò yọ láti ìjẹta, àlejò mi wá ń gbé garawa lọ sórí àpáta láti lọ pọn omi. Omi tó dọ̀tí bẹ́ẹ̀! Mo kó ewé rẹ̀ dànù, mo ro álọ́ọ̀mù sí i, ó tòrò, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo sè é, mo jẹ́ kó tutù. Gbà, tọ́ ọ wò."

Ẹ̀yin náà mọ álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí à ń rò mọ́ omi kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀. Kò sí ìyá àgbà tó máa rí omi àlejò ní rírú tí kò ní wá álọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ kan sì dé ẹnu mi tí n kò ní sọ níbí. Mo wo ojú Màmá. Ojú ẹni tó ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí mi ni. Mo kúnlẹ̀, mo gba kọ́ọ̀pù náà, mo mu ún tán. Ohun tí mo ti Ìṣẹ́yìn wá wò, mo gbé e mì.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ó dùn."

Fúnmi fara ti ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo ẹnu. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun tàbí ẹ̀rín ló ń rín.

Ladi

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù kí n máa bọ̀ nílé. Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, Fúnmi sì ní ìpàdé nílé-ìwé, èmi nìkan ni mo padà sí adágún. Ọ̀gbàrá ti ya wọ ibẹ̀, omi ti pọ́n bí epo. Mo ká aṣọ, mo wọnú omi dé orúnkún, mo ń yí ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹrẹ̀ ni gbogbo wọn. Nígbà tó pẹ́, mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún. Mo rí ojú Rùkáyà, mo rí ara mi níwájú kíláàsì tí mò ń wá irọ́ mìíràn tí màá fi ti èkíní lẹ́yìn. Mo nu ojú, mo tún wọ inú omi lọ.

"Kai! Madam, wetin loss?"

Obìnrin Gwárí kan ló dúró lókè mi, ó gbé igbá omi lé èjìká. Ladi lorúkọ rẹ̀. Mo fọwọ́ ṣàlàyé, mo fi Pidgin tó ń tiro gbè é lẹ́sẹ̀: small thing, like thread, e dey hang for leaf, e get plenty hand. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín bí àwọn ará ọkọ̀ yẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀.

"Thread wey dey hang? E no go stay for this kind dirty water. Come up."

Mo tẹ̀lé e gun àpáta. Lábẹ́ òkúta ńlá kan, níbi tí ọ̀gbàrá kò lè dé, omi kékeré kan wà tó ń sun láti inú ilẹ̀. Ewé òṣíbàtà léfòó lórí rẹ̀. Ladi ní kí n bọ́ bàtà. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ó ń yọjú wo abẹ́ ewé láì fọwọ́ kan nǹkan kan. "Look am like this," ó ní. Èmi náà dojú bolẹ̀.

Wọ́n wà níbẹ̀. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bíi mẹ́jọ, rọ̀ lábẹ́ ewé, wọ́n na àwọn ọwọ́ wọn sísàlẹ̀ nínú omi. Orí ni wọ́n dà kodò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń ya wọ́n sójú pátákó ní ìnàró!

Ladi ní, "My mama teach me. Before we fetch, we look. If thread dey, we drink. If thread no dey, we find another water." Láràárọ̀ ló ń rí wọn, kó tó bu omi tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa mu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, mo dúpẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ní yauwa, mo ní sànnu, gbogbo ohun tó bá wá sẹ́nu mi.

Ó bá mi já ewé méjì pẹ̀lú omi wọn sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò. Mo fẹ́ gbé e rù, ó gbá mi lọ́wọ́. Ó ní èjìká. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé háídírà sọ̀kalẹ̀ wọ Bwari lórí èjìká, tí àwọn èèyàn ń wò mí.

Ojú awò

Mo lọ bá Màmá tààrà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi yìí kì í ṣe ti mímu."

Wọ́n wo ìgò náà, wọ́n wò mí, ó sì yé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ti àná ńkọ́?" Wọ́n gbé àpótí wá, wọ́n jókòó ti ìgò náà, wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ ọn títí di ọ̀sán.

Ní ọ̀sán, àwọn ẹ̀dá náà ti nà. Fúnmi, tó ti ti ìpàdé dé, rọra mú ọ̀kan bọ́ sórí dígí nínú ẹ̀kán omi, a sì fún un láyè kó gbàgbé wa. Mo wolẹ̀ wò ó. Ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń jù díẹ̀díẹ̀, ọmọ kan sì hù ní ìhà rẹ̀, ọmọ náà ti ní ọwọ́ tirẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbé fóònù lé ojú awò, mo di èémí mú, mo yà á. Kò mọ́lẹ̀. Mo tún yà á. Bíi ogójì ni mo yà kí méjì tó dára.

Màmá ní àwọn náà fẹ́ wò ó. Wọ́n di ojú kan, wọ́n fi ìkejì sí i, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Ọmọ ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Irú èyí ni mo ro álọ́ọ̀mù lé lórí."

"Ẹ ò mọ̀ ni, Màmá."

Wọ́n gbójú kúrò. "Ìwọ mọ̀. O mu ún, o ní ó dùn. Ṣé mo jọ ẹni tí kò lè gbọ́ òótọ́ ni?"

Wọn kò bínú sọ ọ́, ìbéèrè ni wọ́n bi mí. Mo ní kí wọ́n má bínú. Kí n tó kúrò ní Bwari, èmi àti Fúnmi gbé àwọn ẹ̀dá náà padà sábẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n ìbéèrè Màmá bá mi wọkọ̀.

Kíláàsì

Nígbà tí a wọlé, àwọn ọmọ náà ti gòkè kíláàsì, èmi náà ni mo ṣì ń kọ́ wọn. Mo ti ní kí onífọ́tò tẹ fọ́tò náà jáde ní ńlá bíi kàlẹ́ńdà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Kíláàsì hó, wọ́n dìde, wọ́n ń ti ara wọn. "Mà, ó dorí kodò!" "Mà, ọmọ rẹ̀ nìyí!" Mo jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn. Mo sọ fún wọn nípa Ladi, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Rùkáyà ló kẹ́yìn níwájú fọ́tò náà. Ó yíjú sí mi. "Mà, ṣé bí èyí tí ẹ rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣe rí nìyí?"

Kí n ṣáà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn nìkan ni mo nílò láti ṣe. Fọ́tò wà níwájú gbogbo wọn, ta ni yóò tún bi mí léèrè? Mo di orí àga mú.

"Rárá," mo ní. "N kò rí i ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Irọ́ ni mo pa fún yín. Inú ìsinmi tó kọjá yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ẹ má bínú."

Rùkáyà wo ilẹ̀, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dùn mí.

"A mọ̀, mà. Ẹ kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo pátákó lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni tó ń wá èsì níbẹ̀, kí ẹ tó dá mi lóhùn."

Mo wo ojú àwọn yòókù. Kò ya ẹnì kankan lẹ́nu. Láti sáà kẹta ni wọ́n ti mọ̀, wọ́n sì ń dìde kí mi láràárọ̀, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ sínú ìwé wọn.